Ọwọ́ Fàdákà Tí Kò Tọ́

Ìlú ọlọ́wọ́ òsì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jókòó dáadáa.

Ọdún méjìlélógójì ni mo ti fi ń pariwo ohun kan ṣoṣo nílé kéú mi ní Ìjẹ̀bú-Òde: "Ọwọ́ ọ̀tún!" Ọmọ tó bá fi òsì mú ẹyọ ìgbálẹ̀ tí a fi ń tọ ìlà lórí wàláà, á gbọ́ ọ. Èyí tó bá fi òsì gba àkàrà, á gbọ́ ọ. Àgbàlagbà kan tiẹ̀ fi òsì na ife omi sí mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, òun náà gbọ́ ọ, mo kàn fi "ẹ jọ̀ọ́, sà" sí i ni. Àwọn baba wa ló sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, èmi sì ni ẹ lè pè ní ọdẹ tó ń ṣọ́ òwe náà ládùúgbò wa. Irú èmi yìí ni Ọlọ́run wá gbé lọ sí ìlú tí òsì ti ń jọba.

Láti pápákọ̀ òfuurufú ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, Ṣàkírátù, tó ti lo ogún ọdún lọ́hùn-ún, ló wá pàdé mi. Mo ṣílẹ̀kùn iwájú mọ́tò níbi tí èrò máa ń jókòó sí nílé, mo jókòó, àfi bí mo ṣe bá sítíárì níwájú mi. Ṣàkírátù ní, "Daddy, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ drive ni?" Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sí òdì kejì. Nígbà tó wá gbé mọ́tò sójú títì, apá òsì ló kó wa sí, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Gbogbo àdúà tí mo mọ̀ ni mo kà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, títí kan èyí tí a máa ń kà bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀. Ṣàkírátù ní kí n ṣàmín, kí òun lè gbọ́ ohun tí fóònù tó ń júwe ọ̀nà ń sọ.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, mo ti rí i pé ọ̀ràn náà kọjá ti títì. Àwọn èèyàn yìí ń fi òsì mú fọ́ọ̀kì, wọ́n sì ń fi í gbé ẹran sẹ́nu ní gbangba, tọmọdé tàgbà, ilẹ̀ ò sì lanu. Lórí àtẹ̀gùn oníná tó ń dá rìn, ẹni tó bá fẹ́ dúró, ọ̀tún ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó ń sáré ló ń gba òsì. Èyí nìkan ló tù mí nínú. Mo ní ó dáa, wọ́n ṣì rántí pé ọ̀tún ni àyè àgbà, mo sì dúró síbẹ̀ bí ọba.

Thamesmead ni Ṣàkírátù ń gbé, nínú ilé alájà mẹ́ta kan tó kọjú sí adágún omi. Àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ń gbé inú omi náà, wọn ò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan nítorí búrẹ́dì ọwọ́ mi, mo sì sáré bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Inú mi ń dùn ṣáá. Ohun kan ṣoṣo ló gún mi lójú. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, mo bá Ṣàkírátù nílé ìdáná tó ń fi òsì gé búrẹ́dì. Bó ṣe rí mi, ó yára gbé ọ̀bẹ sí ọ̀tún, ló bá di pé búrẹ́dì ń gé wọ́gọwọ̀gọ.

Ẹ rántí pé Ṣàkírátù lọmọ tí mo máa ń fi ìtàn rẹ̀ yangàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mo fi ọ̀já ìyá rẹ̀ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn nílé kéú, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, títí ọ̀tún fi mọ ẹyọ ìgbálẹ̀ mú. Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ òbí pé ó ṣeé ṣe, kí wọ́n wo tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo jẹ búrẹ́dì wọ́gọwọ̀gọ náà tán.

Ìkíni tí kò gba ìdáhùn

Níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, òyìnbó kan wò mí, ó bi mí bóyá dáadáa ni mo wà. Mo ní ọkùnrin yìí rí ẹ̀kọ́ ilé. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ fún un pé a dúpẹ́, pé orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, pé ìyàwó mi wà lálàáfíà, pé òjò ti ń rọ̀ nílé, mo sì béèrè àwọn ará ilé tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Ó wo bọ́ọ̀sì, ó wò mí, ó jẹ́ kó lọ. Ó ní ìyá òun wà nílé ìwòsàn ńlá ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common, pé èmi lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ará ilé òun lọ́sẹ̀ náà. Mo ṣàdúà fún un ní Lárúbáwá, ó ní "Cheers, mate."

Ṣàkírátù ní bí wọ́n bá bi mí bẹ́ẹ̀, kí n kàn ní "all right," kí n sì máa lọ. Mo ní ìdáhùn yẹn kéré sí ìbéèrè.

Nínú ọjà Woolwich, ara tù mí bí ẹni tó wọ ọjà Òkè-Àjẹ. Yorùbá ń dún lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó ń ta ata ń bá ẹni tó ń ta fóònù ṣàwàdà, wọ́n ń pè mí ní Daddy láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ta àpò, tí wọ́n bí síbẹ̀, kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Daddy, how far, ṣé o fẹ́ bag?" Ó fi "o" pè mí! Èmi! Mo ṣì ń wá ohun tí mo máa wí, ló bá tún fi òsì na àpò náà sí mi. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣàkírátù dì mí lápá mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Daddy, ẹ má vex. Wọn ò teach ẹ̀ ni. Ọkàn ẹ̀ clean."

Òótọ́ ni. Ọmọ náà gbé ẹrù mi dé ibi bọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí n máa lọ ní jẹ́jẹ́.

Ọbẹ̀ Màmá Rúùtù

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Ṣàkírátù ń ṣe. Ilé wọn ló ń lọ bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Màmá Rúùtù, obìnrin Júù kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, tí fèrèsé wọn kọjú sí Woolwich Common. Màmá gbọ́ pé bàbá Ṣàkírátù ń kọ́ ọmọdé ní ìwé Ọlọ́run, ni wọ́n bá ní kó mú mi wá jẹun, torí pé iṣẹ́ tí bàbá àwọn náà ṣe nìyẹn.

Ọbẹ̀ adìyẹ ni wọ́n bù fún mi, omi tooro tó mọ́ gaara, pẹ̀lú rogodo ìyẹ̀fun mẹ́ta tó léfòó nínú rẹ̀. Mo fi ìtìjú béèrè bí wọ́n ṣe pa adìyẹ náà. Inú Màmá dùn sí ìbéèrè yẹn débi pé wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mọ àdúà ló pa á, ó sì ro ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, pé àwọn náà ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé àwọn. Mo ní Allahu Akbar, mo sì gbé rogodo kan sẹ́nu. Ó rọ̀ ju ẹ̀kọ lọ. Mo jẹ mẹ́ta, wọ́n bu méjì sí i.

Nígbà tí àkókò oògùn tó, Ṣàkírátù da oògùn olómi sínú ṣíbí, ó fi òsì gbé e sí wọn lẹ́nu. Màmá sọ fún mi pé ọwọ́ yẹn kì í gbọ̀n, kì í sì í da nǹkan sílẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọbẹ̀ mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Màmá sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, Ṣàkírátù sì ń túmọ̀ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ju agbára mi lọ. Ìlú kékeré kan nílẹ̀ Czech ni bàbá wọn ti wá. Ọ̀dọ́ ni bàbá náà nígbà tó sá kúrò níbẹ̀ kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹbí tó fi sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Hitler kó lọ, tí wọ́n sì pa. Sínágọ́gù ìlú náà di òkúta lásán. Ṣùgbọ́n àwọn ohun ìjọsìn inú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó wó o, a ti kó wọn mọ́ ti àwọn ìlú mìíràn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá, díẹ̀ nínú wọn dé ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Púpọ̀ nínú wọn, kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó ni wọ́n mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń wá níbẹ̀: ọ̀pá fàdákà kékeré kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ èèyàn tó na ìka kan. Òun ni wọ́n fi ń tọ ìlà bí wọ́n bá ń ka ìwé Ànábì Mùsá, torí wọn kì í fi ìka lásán kan ìwé náà. Mo ní àwa náà ń tọ ìlà, ẹyọ ìgbálẹ̀ la fi ń tọ́ ọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kí Ṣàkírátù fún àwọn lómi.

Ọmọ ọmọ ọmọ wọn, Hánà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, máa ka ìwé náà níwájú ìjọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀. Màmá fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ìlú bàbá àwọn ló máa fi kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lọ wá a, wọn ò rí i. Dúrọ́ọ̀ kan péré ló kù tí wọn ò tíì wò.

"Mi ò tiẹ̀ mọ àmì rẹ̀," Màmá wí. "Gbólóhùn kan ni bàbá mi máa ń sọ nípa rẹ̀: 'Ọwọ́ tiwa, ọwọ́ tí kò tọ́ ni.' Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, èjìká wọn á máa gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹkún ni, mo máa ń yíjú kúrò. Mi ò bi wọ́n rí."

Ohun tó yé Màmá láti kékeré ni pé ọwọ́ fàdákà náà ti bọ́ sọ́wọ́ tí kò tọ́, ọwọ́ àwọn ọ̀tá. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ, torí pé ojú olùkọ́ máa ń rí nǹkan. Mo gbà kíákíá, bí ẹni pé mo mọ ohun tí mo fẹ́ lọ rí.

Ilé àwọn ohun tí kò nílé mọ́

Ọkọ̀ ojú omi la bá kọjá odò ní Woolwich. Ọ̀fẹ́ ni, mọ́tò àti èèyàn jọ ń wọ̀ ọ́. Màmá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ wọn, wọ́n kun ètè, wọ́n wọ aṣọ búlúù, atẹ́gùn sì ń da irun wọn rú. Wọ́n ní kí n kọ orin kan tí àwọn ọmọ kéú mi máa ń kọ, mo kọ ọ́, Màmá ń pàtẹ́wọ́. Àwọn awakọ̀ yọrí ní fèrèsé. Ṣàkírátù wo omi bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Ẹni tó ń tọ́jú ilé náà, Ọ̀gbẹ́ni Simon, jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, tó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọmọ ń sùn nítòsí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí adé tí wọ́n ń dé fún ìwé! Fàdákà ni, pẹ̀lú àwọn ṣaworo wẹ́wẹ́ lẹ́tí rẹ̀, wọ́n sì dún nígbà tó gbé e. Mo rí aṣọ ìkélé tí etí rẹ̀ ti jóná. Mo rí ilé ìṣọ́ fàdákà kan tí kò ga ju ife lọ, tí ìdílé kan máa ń kó ohun olóòórùn dídùn sí fún ìparí ọjọ́ ìsinmi wọn. Ó jẹ́ kí n gbé imú sún mọ́ ọn. Kànáfùrù ni! Ẹni tó fi í síbẹ̀ ti kú tipẹ́, ilé rẹ̀ ti tú, kànáfùrù sì ń rùn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń rùn nílé ìyá mi. Inú mi dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ṣí dúrọ́ọ̀ ìkẹyìn. Àwọn ọwọ́ fàdákà tó wà níbẹ̀ lé ní ogún, wọ́n fi aṣọ funfun wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń tú wọn níkọ̀ọ̀kan síwájú Màmá. Ọ̀kan ní òrùka lọ́wọ́, ìka ọ̀kan ti jẹ nítorí kíkà. Màmá á wò ó, wọ́n á mi orí. Nígbà tó fi máa ku ìwọ̀nba díẹ̀, mo rí i tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa etí aṣọ búlúù náà, tí wọn ò wo iwájú mọ́ dáadáa. Àánú wọn ṣe mí gidigidi.

Bó ṣe tú èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Ọwọ́ òsì!"

Mo pariwo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń pariwo rẹ̀ nílé kéú. Ọ̀gbẹ́ni Simon fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Ọmọ mi Ṣàkírátù, obìnrin ọdún mẹ́rìnlélógójì, ìyá ọmọ méjì, yára fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

Èmi nìkan ló rí i. Ó mú un padà síwájú díẹ̀díẹ̀, ó fi ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ohun tó fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ojú tì mí. Láti ọdún yẹn wá ni mo ti ń fi ọ̀já yẹn yangàn, mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ mi.

Màmá béèrè ohun tí mo wí. Ṣàkírátù ṣàlàyé fún wọn pé bàbá òun ní ọwọ́ òsì ni wọ́n fi fàdákà yìí ṣe, àti pé lọ́dọ̀ tiwa, òsì ni ọwọ́ tí kò tọ́, a kì í fi í nàka sí ohun tó níyì. Ọ̀gbẹ́ni Simon yí ọ̀pá náà síwá sẹ́yìn, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n bára mu. Ó wo gbogbo èyí tó ti tú sílẹ̀, ọ̀tún ni gbogbo wọn. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti fọwọ́ ara òun nu fàdákà yìí, tí òun ò rí i. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ náà fi ọ̀tún di irinṣẹ́ mú, ó wá ń wo òsì ara rẹ̀ ṣe é.

"Ọwọ́ tí kò tọ́," Màmá wí. Wọ́n tún un wí. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo ti la ẹnu láti sọ pé innā lillāhi kí n tó rí ojú wọn. Ẹ̀rín ni. Màmá ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n di ọwọ́ Ṣàkírátù mú.

"Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín," Màmá wí. "Bàbá mi. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, èmi sì ń yíjú."

Ọ̀gbẹ́ni Simon lọ mú ìwé pélébé kan tó ti já kúrò lára ọ̀pá náà tipẹ́. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ló kù lára orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀, kò sì tó ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Orúkọ ìlú bàbá Màmá, lẹ́tà méjì yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀pá náà lé Màmá lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, láìfi nǹkan kan bò ó, ó ní kí Hánà mú un lọ fi kàwé. Báyìí ni ọwọ́ òsì ṣe júwe ilé bàbá Màmá Rúùtù fún wọn, èmi ọdẹ tó ń ṣọ́ òwe sì dúró síbẹ̀, mò ń wò ó.

Sátidé Hánà

Gbogbo ọkùnrin ló dé fìlà ní sínágọ́gù, mi ò ní láti yá ti ẹnikẹ́ni. Tèmi ló tiẹ̀ ga jù. Bàbá kan bi mí ibi tí mo ti rà á, mo ṣèlérí pé mo máa fi ọ̀kan ránṣẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tí mo ti fi rìn nínú òsì, ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé tí wọ́n ń kà láti ọ̀tún bọ̀ wá sí òsì, gẹ́gẹ́ bíi kéú. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Ṣàkírátù, mo ní kó wò ó, àwọn èèyàn yìí mọ ibi tí ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ behave."

Hánà wọ bàtà kẹ́ńfáàsì sábẹ́ aṣọ ọlọ́lá rẹ̀. Ó di ọ̀pá fàdákà náà mú, ọwọ́ òsì kékeré yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìlà. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ọwọ́ náà padà sẹ́yìn, ó tún un kà, ó sì tọ̀nà. Bí àwọn ọmọ tèmi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé mo ń mi orí tẹ̀ lé e títí Ṣàkírátù fi rọra dì mí mú. Níwájú, èjìká Màmá ń gbọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó yíjú kúrò.

Bó ṣe parí, gbogbo ìjọ ń da súìtì lù ú. Àṣà wọn ni, kí ayé ọmọ náà lè dùn. Wọ́n fún àwa náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣàkírátù fi òsì ju tirẹ̀, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Hánà gan-an. Èmi fi ọ̀tún mi ọlọ́lá ju tèmi, ó bá Ọ̀gbẹ́ni Simon létí.

Ife tíì

Nírọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, mo jókòó sídìí fèrèsé ní Thamesmead, mò ń wo ẹyẹ tó lé mi lọ́jọ́sí. Oòrùn ò tíì ronú pé òun máa wọ̀. Ṣàkírátù gbé tíì mi bọ̀ láti ilé ìdáná. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e, ó sì ń rìn dáadáa. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, ó rántí, ó gbé ife náà sí ọ̀tún, tíì sì dà sínú àwo pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Dá a padà sọ́wọ́ tó wà tẹ́lẹ̀."

Ó ní, "Daddy?"

"Èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kó o fi gbé e fún mi. Ọ̀já ìgbà yẹn, ìfẹ́ ni mo fi so ó, ṣùgbọ́n mi ò ṣe é re. Má bínú sí mi, Ṣàkírátù."

Ó wo inú ife náà. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà sí òsì, ó nà án sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, tíì ò sì dà.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.